Ẹ̀rọ Amúlégbóná fún Ẹni Tó Ń Gbé Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka wa tí owó ilé Lọ́ńdọ̀nù ti lé dé inú ọkọ̀ lórí odò àtọwọ́dá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Òtútù oṣù Kìíní ò mọ ẹni tó kàwé.

Ẹ̀rọ tó ń fi epo dísẹ́ẹ̀lì fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ni ọ̀pọ̀ yín ń rà, torí kò wọ́n. Ó dára fún ẹni tó kàn ń wá sùn ní òpin ọ̀sẹ̀, àmọ́ kò ní fún yín lómi ìwẹ̀. Ẹni tó fi ọkọ̀ ṣe ilé, èyí tó ń mú omi gbóná ni kó rà. Omi náà á gba inú rádíétọ̀ kọjá, á tún gba inú páìpù tó wà nínú táńkì, omi ìwẹ̀ á sì gbóná.

Ẹ má ra ńlá torí àṣehàn o. Èyí tó bá lágbára ju ọkọ̀ lọ, jẹ́jẹ́ ni yóò máa jó. Ìdọ̀tí èéfín á dí inú rẹ̀, á sì kọ̀ láti tàn lóru ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Bátìrì ló sì fi ń tàn. (Mo ti sùn ti bátìrì tó kú rí, ẹ̀wù mẹ́rin ni mo wọ̀.)

Carbon monoxide ò ní òórùn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni Boat Safety Scheme ti ní kí ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn sí ní aago tó ń ké bó bá wọlé. Ẹ ra aago yẹn kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.