Ẹ Dúró De Màmá

  Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé ìparí, ó kan gbogbo wa.

Ní Sátidé tó kọjá, àwa èèyàn 23 nínú ìjọ lọ rìn ní àárọ̀ kùtù. A ti ń gbàdúrà pọ̀, a ti ń kọrin pọ̀, a wá ní ká tún jọ nasẹ̀, torí ara tí Ọlọ́run fún wa náà ń fẹ́ ìtọ́jú, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń pọ̀ láàárín wa. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, a sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu.

Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí mọ ọ̀nà náà. Iyanrìn lẹ óò máa tẹ̀, igi àgbọn lọ́tùn-ún lósì, kànga àtijọ́ kan sì wà lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó dé etí òkun. Ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní wọ́n máa ń fún wọn lómi kànga yẹn mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ibi tí ọ̀nà náà parí sí ni wọ́n ń pè ní Point of No Return, ibi àrèmábọ̀.

A fi orin dé etí òkun. Atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò, àwa Pásítọ̀ náà wà láàárín wọn, à ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ìgbà tó yá la ka ara wa. 22. A tún un kà. 22. Màmá kan tó jẹ́ ẹni ọdún 71 ni a ò rí.

Ká má parọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó kúrò lẹ́yìn wa. Ọmọkùnrin méjì sáré padà, àwa náà tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀bá kànga la ti bá Màmá, ó jókòó sórí ìtì igi àgbọn, ó ti bọ́ bàtà, ó ń gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Ó ní, "Pásítọ̀ wa, ẹ má bínú o. Mo pè yín títí, ẹ ò gbọ́. Orin yín ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀."

Háà! Ẹni tí a fi sílẹ̀ ló tún ń bẹ̀ wá.

A wá bá a rọra rìn lọ sétí òkun. Bí a ṣe ń lọ ló sọ fún wa pé òun ti wá kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní Wẹ́sìdeé méjì, ìlẹ̀kùn títì lòun bá. A ti sún un sí Tọ́sìdeé, orí WhatsApp la sì ti kéde ẹ̀. Fóònù kékeré ni Màmá ń lò. Bó ṣe dáwọ́ wíwá dúró nìyẹn. Àwa tí à ń kọ èyí ti dúró lórí pẹpẹ rí, a ní iná àwọn kan ti ń kú. Ẹ dárí jì wá. Iná ò kú. Àwa la ti ìlẹ̀kùn.

Nígbà tí Mósè ń rán Ísírẹ́lì létí Ámálékì nínú Deutarónómì 25, kò sọ pé iwájú ni ọ̀tá gbà wọlé. Ẹ̀yìn ni. Àwọn tó ti rẹ̀, tó ń wọ́sẹ̀ bọ̀, ni wọ́n kọlù. Ìjọ tó ń sáré láìwẹ̀yìn ń fi àwọn èèyàn rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́ ni.

Ẹ rántí ibi tí a dúró sí. Àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá ò lè fi ara wọn sílẹ̀, torí ṣẹ́ẹ̀nì ló so wọ́n pọ̀. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú lọ́dún 1821, tí wọ́n sì kó gba Èkó lọ, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣẹ́ẹ̀nì kan náà ni wọ́n fi so àgbà àti ọmọdé lọ́rùn, tí inú bá sì bí àgbà tó fà á, ọrùn ọmọdé ló ń bó. Ọlọ́run dá a nídè. Lọ́dún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú ìhìn rere, nígbà tó sì di 1846 ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Àwa lónìí, kò sí ṣẹ́ẹ̀nì lọ́rùn wa. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti já a. Kí ló wá so wá pọ̀? Bí kì í bá ṣe ìfẹ́, ọ̀nà kan náà là ń gbà lásán, a ò jọ rìn.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, tí a bá ń dúró de gbogbo èèyàn, iṣẹ́ Ọlọ́run ò ní tẹ̀ síwájú." Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú Màmá dé etí òkun, òkun ṣì wà níbẹ̀. Kò sá lọ. Jékọ́bù náà nínú Jẹ́nẹ́sísì 33 ní kí Ísọ̀ máa lọ níwájú, ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé àti ti ẹran ọ̀sìn lòun máa bá rìn, torí tí wọ́n bá fi ipá dà wọ́n lọ́jọ́ kan péré, agbo ẹran á kú.

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, ìkéde kankan ò ní dúró sórí WhatsApp nìkan. A ó kà á lórí pẹpẹ, àwọn ọ̀dọ́ á sì pe àwọn àgbà tàbí kí wọ́n lọ bá wọn nílé. Tí a bá tún lọ rìn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá ni yóò ṣáájú. Àwa Pásítọ̀ la máa wà lẹ́yìn pátápátá.

Ẹ̀yin náà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ pe ẹnì kan tí ẹ ò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ẹ má bi í pé, "Kí ló dé tí o kì í wá?" Ẹ bi í pé, "Ibo la ti fi yín sílẹ̀?" Kẹ́ ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ.

Olúwa ò ní jẹ́ kí orin wa bo ohùn ẹni tó ń pè wá mọ́lẹ̀, lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe Àmín.