Òkúta Dassa ń lọ, kí ló ń kù nílé?

Ẹni tó bá gba títì Cotonou lọ sí Parakou, bó bá ti ń wọ Dassa-Zoumè, òkè ló máa kọ́kọ́ rí. Òkè 41 ni wọ́n máa ń kà fún ìlú wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì dáadáa: àwọn ìyá jókòó ti òkìtì òkúta, òòlù lọ́wọ́, wọ́n ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù á dé, á kó o, á lọ. Ìbéèrè wa kò le: bí òkúta bá ń lọ, kí ló ń kù nílé?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń wá a. Orí yanrìn àti amọ̀ ni Cotonou, Porto-Novo àti Ouidah wà. Kò sí àpáta líle níbẹ̀. Ilé, afárá àti títì ọlọ́dà, gbogbo rẹ̀ ló sì ń fẹ́ òkúta. Wọ́n ní láti gòkè tó bíi 200 kìlómítà kí wọ́n tó rí i lọ́dọ̀ wa. Torí náà, a kì í ṣe alágbe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa la ni ọjà.

Ọjà yìí kò dà bí ọjà mìíràn. Iṣu tí a bá wà lóko, a lè gbin òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Òkè tí a bá fọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Orí àwọn òkè yìí làwọn baba wa Ìdáàṣà sá sí nígbà tí ọmọ ogun Abomey ń kó èèyàn lẹ́rú. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, èrò ń wọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo láti bẹ Màríà Wúńdíá, alóúnjẹ àti oní-zémidjan sì ń rí ọjà tà. Òkè tó dúró náà ń mówó wọlé.

A ò sọ pé ká má fọ́ òkúta mọ́ o. Ọ̀pọ̀ ìyá ló fi òòlù rán ọmọ nílé ìwé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jẹ dídùn á jẹ kíkan. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kíkan pọ̀ fún ará ilé: eruku ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, èérún òkúta ń ta sójú, ẹ̀tù ń mú kí ògiri sán, kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ ń gbomi, ẹ̀fọn ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló sì máa ń dá iye owó.

Òfin ìwakùsà Benin ti ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2006 sọ pé ti Ìjọba ni ohun tó wà nínú ilẹ̀. Cotonou ni ìwé àṣẹ ti ń wá, Dassa ni eruku wà.

Kí làwọn aládùúgbò wa ṣe? Ní Nàìjíríà, òfin 2007 ní kí ẹni tó fẹ́ fọ́ òkúta kọ́kọ́ bá ìlú tó gbà á lálejò kọ̀wé àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Burkina Faso, òfin 2015 ní kí àwọn awakùsà fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè. Àwọn iléeṣẹ́ kò tètè san án. Àfìgbà táwọn ẹgbẹ́ ará ìlú pariwo gidi. Ṣé ẹ rí i? Òfin nìkan kò tó, ojú gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Ohun mẹ́ta la ń béèrè. Èkíní, kí mairie lẹ ìwé sí gbangba lóṣù mẹ́ta mẹ́ta: ọkọ̀ òkúta mélòó ló jáde, èló ló wọlé, kí la fi ṣe. Èkejì, kí wọ́n ya apá kan owó náà sọ́tọ̀ fún ohun tó máa pẹ́ ju òkúta lọ: omi, ilé ìwé, àti iṣẹ́ ọwọ́ fáwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n lè máa gé òkúta, kí wọ́n máa dán an, kí wọ́n tó tà á. Ní Onigbolo, níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń sọ òkúta di sìmẹ́ńtì kó tó kúrò. Èwo ni tiwa tó fi jẹ́ pé wẹ́wẹ́ nìkan ló ń lọ? Ẹ̀kẹta, kí wọ́n pe àwọn àgbà ìlú jọ, kí wọ́n dárúkọ òkè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, kí ẹni tó bá sì máa wa ilẹ̀ fi owó tí a ó fi dí kòtò sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹ̀yin ìyá wa náà, ẹ jọ para pọ̀, kẹ́ ẹ máa tà á ní iye kan náà. Ẹni tó ń dá tà, owó tí onímọ́tò bá pè ló máa gbà.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ táwọn ọmọ wa máa ka òkè ìlú yìí fúnra wọn. Bí iye rẹ̀ ò bá pé 41 mọ́, ó yẹ ká lè nawọ́ sí ohun tá a fi rọ́pò rẹ̀.