Gbajúmọ̀ àti Owó-Orí: Òfin Gbà á, Ǹjẹ́ Àṣà Gbà á?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Láyé àtijọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń hàn kedere ni ibodè ìlú. Apòmù jẹ́ ọjà pàtàkì tí ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú jọ ń ná, oníbodè rẹ̀ sì lókìkí débi pé ó wọ inú òwe Yorùbá, níbi tí ìyọnu ti ń gorí ìyọnu fún un. Iṣẹ́ oníbodè ni kí ó wo ẹrù tó ń kọjá, kí ó sì gba owó ibodè lórí rẹ̀. Ẹni tó ru igbá kan a san ti igbá kan. Ẹni tí alárù mẹ́wàá ń tẹ̀ lé a san ti ẹrù mẹ́wàá. Inú irú owó bẹ́ẹ̀ ni ọba àti àwọn ìjòyè ti ń gbọ́ bùkátà ìlú.

Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò pé ọlọ́rọ̀ kan dé ibodè náà pẹ̀lú ogún ẹrù. Kò fi ipá wọlé, kò sì gba inú igbó kọjá. Ó kàn gbọ́ pé oníbodè kì í gba owó lórí ẹrù tí ọmọdé bá rù. Ó tú ẹrù rẹ̀ palẹ̀, ó pín in fún ogójì ọmọdé, ó sì kọjá láìsan ẹyọ owó kan. Oníbodè kò rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ru igbá ẹ̀kọ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ san tirẹ̀ pé. Kí ni ìlú yóò pe ọlọ́rọ̀ náà? A kò lè pè é ní olè. Àwọn kan tilẹ̀ lè pè é ní ọlọ́gbọ́n. Ṣé a lè pè é ní ọmọlúàbí?

Àfiwé lásán ni ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé kò jìnnà sí i. Àwọn gbajúmọ̀ olórin, òṣèré, agbábọ́ọ̀lù àti aláwàdà tí owó ń wọlé fún bí òjò ń háyà agbẹjọ́rò àti olùṣírò owó láti wá ihò inú òfin fún wọn. Ẹni tó bá parọ́ iye tó ń wọlé fún un, olè ni, òfin sì mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí kò parọ́, tí ó kàn yẹ̀ fún owó-orí ní ọ̀nà tí òfin kò dí, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àròjinlẹ̀.

Ní ọdún 1935, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Duke ti Westminster, ọ̀kan nínú àwọn olówó ńlá ilẹ̀ náà, bá àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé àdéhùn, olùtọ́jú ọgbà rẹ̀ sì wà nínú wọn. Báyìí ni owó iṣẹ́ wọn ṣe di owó àdéhùn lórí ìwé, tí owó-orí ọ̀gá wọn sì dín kù. Lord Tomlin, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, wí pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti to ètò ara rẹ̀ kí owó-orí rẹ̀ lè kéré.

Orí ẹ̀tọ́ yìí ni àwọn gbajúmọ̀ òde òní dúró lé. Àwọn eléré ìdárayá kan kó lọ sí Monaco, ibi tí wọ́n ti mú owó-orí kúrò lórí owó tó ń wọlé fún àwọn olùgbé rẹ̀ láti ọdún 1869. Àwọn mìíràn ń ka ọjọ́. Ní Nàìjíríà, ọ̀kan nínú ohun tí òfin fi ń mọ olùgbé ilẹ̀ yìí ni pé kí ó lo ọjọ́ 183 níbí láàárín oṣù méjìlá. Ẹni tó bá ń fò kiri ayé lè ṣọ́ra kí ọjọ́ rẹ̀ má pé.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti Jimmy Carr, aláwàdà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2012, ìwé ìròyìn The Times tú u síta pé ó wà nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní K2. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sí erékùṣù Jersey, ó sì ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó yá a ni. Owó tí a yá kì í ṣe owó tó wọlé fún ni, nítorí náà owó-orí rẹ̀ kéré jọjọ. Kò rú òfin. David Cameron, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, wí pé ìwà náà kò dára. Aláwàdà náà tọrọ àforíjì, ó sì kúrò nínú ètò náà.

Bí kò bá rú òfin, kí ni àforíjì wà fún? Èdè Yorùbá ti dáhùn tipẹ́. Nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ yin ìwà kan, wọn kì í wí pé ó tọ́ kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n á ní ó tọ́, ó sì yẹ. Ohun tó tọ́ ni ohun tí òfin kò kà léèwọ̀. Ohun tó yẹ ni ohun tí a lè ṣe lójú àwọn tí a jọ ń gbé ìlú, kí ojú má tì wá. Ohun kan lè tọ́ kí ó má yẹ.

Orúkọ tí Yorùbá sì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Gbajúmọ̀ ni ẹni tí igba ojú mọ̀. Àgbẹ̀ lè wà láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí iṣu rẹ̀ sì ta. Alágbẹ̀dẹ lè jẹ́ aláìlókìkí, kí ọkọ́ rẹ̀ sì mú. Ṣùgbọ́n bí igba ojú bá kúrò lára gbajúmọ̀, ọjà rẹ̀ tú nìyẹn. Ojú àwọn ènìyàn ni oko rẹ̀, inú rẹ̀ ló ti ń kórè.

Ta ló ni ojú wọ̀nyí? Ìdáhùn kan wà ní Ararọ̀mí-Òwu àti àwọn abúlé tó yí Ìkirè àti Apòmù ká. Ilẹ̀ kòkó nìyẹn. Láti ọdún 1947 ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn fún ọjà kòkó ti ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ní ọdún 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Kí àgbẹ̀ tó fi ojú kan owó rẹ̀, ìjọba ti mú tirẹ̀ kúrò. Kò sí agbẹjọ́rò tó lè wá ihò fún un, nítorí òṣùwọ̀n ló ń gba owó-orí náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú owó bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tó fún ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lágbára láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, àti láti dá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Lórí tẹlifíṣàn yẹn ni Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ òṣèré àti olórin tó tẹ̀ lé ìran rẹ̀ ló ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ tí owó ìlú kọ́, tí wọ́n sì gba ọ̀nà tí owó ìlú yẹ̀ dé ibi àríyá. Ó hàn gbangba pé kò sí gbajúmọ̀ kan tó dá ẹrù ara rẹ̀ gbé dé orí. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí ti bá a gbé e.

Àwọn kan lè wí pé àwọn àgbẹ̀ kan náà ló kọ owó-orí nígbà tí ó yá. Òótọ́ ni. Ní ọdún 1968, owó-orí àti àwọn owó mìíràn tí ìjọba ń béèrè ti wúwo jù, ọ̀nà oko bàjẹ́, àwọn agbowó-orí sì ń lé ènìyàn bí ẹran. Àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n pe ara wọn ní Agbẹ́kọ̀yà. Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Màpó ní Ìbàdàn ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù Keje ọdún 1969, ohun tí kò sí ẹni tó lè yìn. Lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀ ní Akànrán ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ìjọba dín owó-orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ṣùgbọ́n kí ni Agbẹ́kọ̀yà wí gan-an? Wọn kò wí pé àwọn kò ní í san ohunkóhun. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ṣílè. Wọ́n dá iye lé e, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n fẹ́ kí ẹrù fúyẹ́ lórí gbogbo àgbẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ó kúrò lórí ẹnìkan kí ó bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti gbajúmọ̀ tó ń yẹ̀ fún owó-orí nìyẹn. Yàrá agbẹjọ́rò ni ti gbajúmọ̀ ti ń wáyé, òun nìkan ni ara sì ń tù.

Àwáwí mìíràn ni pé ìjọba ń jẹ owó ìlú. A kò lè jiyàn rẹ̀. Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí owó ìlú bá ń ṣòfò, ẹni tí igba ojú mọ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ pariwo, nítorí ohùn rẹ̀ dé ibi tí ohùn àgbẹ̀ Ararọ̀mí-Òwu kò lè dé. Ẹni tó bá pariwo lẹ́yìn tó ti san tirẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí ó sì dákẹ́, kò tún ohunkóhun ṣe.

Àwọn mìíràn á ní gbajúmọ̀ ń ṣàánú: ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ aláìní, ó ń gbẹ́ kànga, ó ń náwó fún onílù níbi àríyá. Ó dára. Ṣùgbọ́n àṣà mọ ìyàtọ̀ láàárín ọrẹ àti ọ̀wẹ̀. Ọrẹ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fúnni. Ó lè fún ẹni tó wù ú, kí a sì kọrin kí i. Ọ̀wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìlú bá ń yẹ ọ̀nà, olówó tí kò lè wá yóò rán ọmọ rẹ̀ tàbí kí ó gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn tó wá. Kò lè wí pé òun ti fún alágbe lówó lánàá. Ọ̀wẹ̀ ni owó-orí, kì í ṣe ọrẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá di kánjúkánjú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ké sí àwọn tó jẹ owó-orí ní ọdún 2017 pé kí wọ́n wá san án, àwọn aláṣẹ jẹ́ kó di mímọ̀ pé àwọn tó ń fúnra wọn ṣírò owó-orí wọn, tí wọ́n sì ń san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò pé ẹgbẹ̀rún kan ní gbogbo Nàìjíríà. Èkó ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn wà. Òfin owó-orí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, wá yọ ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó-wíwọlé ọdún kúrò lábẹ́ owó-orí. Ẹni tó bá ń gba ju ₦50,000,000 lọ yóò san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó lé. Ohun tí àgbẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ọdún 1968 nìyẹn: kí ẹrù bá agbára mu. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó wà lókè bá yẹ̀ ẹ́, kò ní í fò lọ. Yóò padà sórí olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń yọ tiwọn kí owó oṣù tó dé ọwọ́ wọn, àti sórí ìyá tó ń san ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó rà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí owó-orí rẹ̀ dín kù ló jẹ̀bi o. Òfin tuntun náà fún ayálégbé ní ìdẹ̀ra lórí owó ilé tó ń san. Ẹni tó bá gbà á, ohun tí ìlú fi ìfẹ́ yà sọ́tọ̀ fún un ló gbà. Ìdánwò kan ṣoṣo ló wà: ṣé gbajúmọ̀ náà lè dúró lójú agbo, níwájú àwọn tó sanwó wọlé wá wò ó, kí ó sọ bí ó ti ṣe é fún wọn? Ayálégbé lè sọ tirẹ̀. Jimmy Carr kò lè sọ tirẹ̀, àforíjì ló tọrọ.

Ilẹ̀ Òwu mọ ohun tí ohun kékeré lè dá sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ ń ná ọjà kan. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé aáwọ̀ lórí ataare ní ọjà Apòmù wà lára ohun tó tanná ran ogun tó tú Òwu ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó rí ara rẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n níbodè kò mọ ohun tí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń rò.

Kí àwọn tí igba ojú mọ̀ bojú wẹ̀yìn. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.