Owó Ìdókòwò Kì Í Ṣe Èrè: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Olóòtú Ìròyìn Ìmọ̀-Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Bí ẹ ṣe ń ròyìn owó ìdókòwò ti ń dùn mí tipẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2005 ni Michael Arrington dá ìkànnì ìròyìn TechCrunch sílẹ̀ ní Kalifọ́níà, láti máa ròyìn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí. Kò pẹ́ rárá tí àwọn olùdásílẹ̀ fi ń du kí orúkọ wọn jáde níbẹ̀, torí àwọn olówó tó ń wá ibi tí wọn yóò dókòwò sí ń kà á. Ilé-iṣẹ́ AOL rà á ní 2010.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Arrington gbé CrunchFund kalẹ̀, àpò owó 20 mílíọ̀nù dọ́là, láti fi dókòwò nínú irú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìkànnì náà ń kọ nípa wọn. AOL gan-an fowó sí i. Ariwo ta, Arrington sì kúrò ní TechCrunch nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó ń bá wọn jẹ nínú àwo kan náà, báwo ni yóò ṣe sọ pé ọbẹ̀ wọn kò dùn?

Ẹ tún wo Elizabeth Holmes. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, ó jókòó lórí pèpéle ìpàdé Disrupt tí TechCrunch ṣe ní San Francisco, ó ń ròyìn Theranos, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2015 ni John Carreyrou ti ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú àṣírí pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò Theranos kò tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ Theranos ló lọ bá. Ní 2022, kóòtù dá Holmes lẹ́bi jìbìtì.

Àṣà kí a máa pọ́n ilé-iṣẹ́ láì wádìí yìí ti dé Èkó. Àkọlé á ní ilé-iṣẹ́ kan gba mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀rọ̀ olùdásílẹ̀ á tẹ̀ lé e, ti olówó á sì kádìí rẹ̀. A ò ní gbọ́ iye oníbàárà tó ń sanwó, tàbí bóyá òṣìṣẹ́ ń gbowó oṣù déédéé. Owó tí ẹnìkan fi sílẹ̀, tó ń retí èrè lórí rẹ̀, lẹ ń kéde bí ẹni pé èrè ti dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń wádìí dáadáa. Ẹ jẹ́ kó di òfin fún gbogbo yín: kí akọ̀ròyìn má kọ nípa ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ṣonígbọ̀wọ́ ìpàdé yín, ẹ sọ ọ́ nínú ìròyìn. Kí ẹ tó gbé ìkéde owó jáde, ẹ pe òṣìṣẹ́ kan àti oníbàárà kan. Àwọn ọmọ wa ń fi iṣẹ́ tó dájú sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹ kọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún wọn kí ẹ tó kọ ọ́.