Ẹ San Èyí Tí Ẹ Ṣèlérí Ná, Kí Ẹ Tó Fi Gbèdéke Sí Owó Agbábọ́ọ̀lù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tinú mi lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Káfíńtà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí ní Ẹ̀jìnrìn, ṣùgbọ́n n kò tíì fẹ̀yìn ti bọ́ọ̀lù wíwò. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ l'Ékòó ni mo ti ń tẹ̀lé Stationery Stores lọ sí pápá Oníkan. L'ọ́dún 1982 tí wọ́n gba Challenge Cup, mo rántí pé n kò sùn mọ́jú, ọ̀gá mi sì fi ìgbálẹ̀ jí mi l'ọ́jọ́ kejì.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni àríyànjiyàn kan tó ṣẹlẹ̀ níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa. Ẹ ó rántí pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn Super Eagles kọ̀ láti ṣe ìdánrawò ní ilẹ̀ Morocco nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọ́n jẹ wọ́n, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n bá Gabon gbá. Wọ́n bá wọn yanjú rẹ̀, a na Gabon ní 4-1, lẹ́yìn náà Congo ti Kinshasa fi pẹnárítì lé wa kúrò lójú ọ̀nà World Cup. Inú bí àwọn ọmọ wa. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, owó ló ń pa wọ́n bí ọtí. Àwọn òyìnbó ti fi gbèdéke sí owó agbábọ́ọ̀lù. Kí Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti líìgì ilé." Gbogbo ilé pariwo, "Òótọ́ ni!"

Èmi ní kì í ṣe òótọ́. Wọ́n ní àgbàlagbà ò mọ nǹkan tó ń lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbé bíró.

Ẹ gbọ́ ná, kí ni wọ́n ń pè ní gbèdéke owó oṣù? Oríṣi méjì ni, ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣìnà. Èkíní ni kí wọ́n sọ fún agbábọ́ọ̀lù pé, "Bó ti wù kí o mọ̀ ọ́n gbá tó, o kò gbọdọ̀ gbà ju báyìí lọ." Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dán an wò. Láti 1901 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pọ́n-ùn mẹ́rin l'ọ́sẹ̀ ni, nígbà tí yóò fi di 1961, ogún pọ́n-ùn péré ló dé. Ọgọ́ta ọdún gbáko! Pápá ń kún, owó ẹnu ọ̀nà ń wọlé, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń jẹ, ẹni tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ju ogún pọ́n-ùn lọ. Ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù para pọ̀ lẹ́yìn Jimmy Hill, tí wọ́n ní àwọn yóò daṣẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n tó fagi lé e ní oṣù kìíní ọdún 1961. Kò pẹ́ rárá tí Fulham fi ń san ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn l'ọ́sẹ̀ fún Johnny Haynes. Ìyẹn ni pé owó náà ti wà níbẹ̀ látìgbà yìí. Ẹlòmíràn ló ń kó o lọ sílé.

Oríṣi kejì kì í ṣe ti agbábọ́ọ̀lù, ti ẹgbẹ́ ni. Ní Spain, àwọn aláṣẹ líìgì máa ń wo iye tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá sọ iye tó lè ná. Bẹ́ẹ̀ ni Barcelona ṣe pàdánù Messi ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ẹgbẹ́ fẹ́ ẹ, òun náà fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n àpò wọn kò gbé e mọ́, òfin kò sì jẹ́ kí wọ́n purọ́ fún ara wọn. UEFA náà ti gbé tiwọn kalẹ̀. Láti sáà 2025/26, nínú náírà kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé fún ẹgbẹ́ tó ń gbá nínú ìdíje wọn, 70 kọ́bọ̀ ni òfin fi mọ fún owó oṣù, owó ríra agbábọ́ọ̀lù àti owó alágbàṣe.

Èyí kejì yìí ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kí ó wo China. Wọ́n ná owó bí ẹni tó ń da omi sílẹ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ tiwa náà lọ jẹ níbẹ̀: Ọbáfẹ́mi Martins dé Shanghai ní 2016, Odion Ighalo dé Changchun ní 2017. Ṣé ẹ rí i, nígbà tí àwọn aláṣẹ wọn fi máa jí, tí wọ́n fi gbèdéke sí i ní òpin 2020, ó ti pẹ́ jù. Jiangsu tó gba líìgì wọn ní 2020 ti ilẹ̀kùn pa ní oṣù kejì ọdún 2021. Kò pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n gbé ife!

Ẹ jẹ́ ká padà wálé wàyí. Líìgì tiwa kò ní ìṣòro pé owó pọ̀ jù. Nígbà tí LMC ń darí líìgì, kí ti wọn tó dópin ní 2022, wọ́n là á sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì àgbà kò gbọdọ̀ san kéré sí 150,000 náírà l'óṣù fún agbábọ́ọ̀lù. Owó náà dára lórí ìwé. Lórí ìwé ni mo wí o. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn eré ìdárayá lórí rédíò mọ̀ pé kò sí sáà kan tí a kì í gbọ́ pé àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan dí ọ̀nà, tàbí pé wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba nítorí owó oṣù mélòó kan. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ tẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ kan òrùlé lé e lórí!

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí mi. Àbúrò mi obìnrin bí ọmọkùnrin méjì, àwọn méjèèjì ló mọ bọ́ọ̀lù gbá. Èyí àgbà bọ́ sí ẹgbẹ́ kan, n kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní àwọn yóò máa fún un ní 180,000 l'óṣù, pẹ̀lú owó ìfọwọ́síwèé. Ìdajì owó ìfọwọ́síwèé ni wọ́n san. Wọ́n san oṣù méjì, ó tán. Oṣù márùn-ún tẹ̀lé e, kò sí kọ́bọ̀. Ọmọ tí a ní kó máa fi owó ránṣẹ́ sílé, ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja yíyan ló ń fi owó gàárì ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó fi orúnkún ṣèṣe nínú ìdánrawò. Wọ́n ní kó lọ sílé lọ tọ́jú ara rẹ̀, pé àdéhùn rẹ̀ ti parí. Mo ní, "Mú ìwé àdéhùn náà wá kí n kà á." Ó wo ilẹ̀. Wọn kò fún un ní ẹ̀dà kankan rí! Ó fọwọ́ sí i, wọ́n kó o sínú dúrọ́ọ̀ wọn, ó parí síbẹ̀. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gùn ní Ìtóìkín.

Èmi tí mo ṣe káfíńtà fún ogójì ọdún ó lé, bí mo bá gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́fà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé méjì, oníṣẹ́ á mú ọ̀kan, èmi á mú ọ̀kan. Yóò san àsansílẹ̀ kí n tó ra pákó. Bí n kò bá rí àsansílẹ̀, n kò ní fi ayùn kan igi. Ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn wá di ohun tí a ń fi ẹnu lásán rà?

Òfin kò ṣaláìsí o. Òfin FIFA láti ọdún 2018 sọ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù l'ówó oṣù méjì, kí ó kọ̀wé sí wọn, kí ó fún wọn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán láti san án. Bí wọn kò bá san, ó lè já àdéhùn náà, kó bá tirẹ̀ lọ. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ èyí? Ẹni tó mọ̀ ọ́n pàápàá ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọn yóò sọ ọ́ ní ọlọ́tẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn kò sì ní mú un.

Àwọn kan á ní kò sí owó ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹgbẹ́ tó ní agbábọ́ọ̀lù 30, tó bá ń san 200,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù mẹ́fà l'óṣù nìyẹn, mílíọ̀nù 72 l'ọ́dún. Owó ńlá ni fún èmi àti ẹ̀yin, ṣùgbọ́n ṣé owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan kò lè rí ni? Ìjọba ìpínlẹ̀ ló sáà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ wa. Ọ̀yọ́ ló ni Shooting Stars, Kwara ló ni Kwara United. Ibi tí wàhálà wà ni pé gómìnà ló ń fún wọn l'ówó nígbà tó bá rántí, àwọn alága ẹgbẹ́ a sì máa kó agbábọ́ọ̀lù jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n á ṣèlérí fún gbogbo wọn kí wọ́n tó mọ iye tí ilé ìjọba máa fún wọn. (Olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì mọ irú ìjọba bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká lọ síbẹ̀.)

N kò sọ pé aládàáni ló mọ̀ ọ́n ṣe jù o. A rí Leventis United tó gba líìgì ní 1986, a rí Abiola Babes tó gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ìgbà tí ẹni tó ni wọ́n yọwọ́, wọ́n di ìtàn. Stores tèmi náà, lẹ́yìn ikú Olóyè Israel Adébájọ̀ ní 1969, ó rìn jìnnà, ó gba líìgì ní 1992, síbẹ̀ níbo ló wà lónìí? Ṣùgbọ́n Remo Stars ti Ìkẹnnẹ́, tí Kúnlé Ṣónámẹ̀ dá sílẹ̀, gba líìgì ní 2025, ó sì gba 200 mílíọ̀nù náírà. Nítòsí wa níhìn-ín, Ìkòròdú City gòkè sí líìgì àgbà ní 2024. Mo bẹ àwọn tó ni ín pé kí wọ́n má ṣe bí Ìkòròdú United, tó gòkè wá gbá ní 2016 tó sì jábọ́ ní sáà kan náà. Ẹ má ṣe ṣèlérí owó tí kò sí lápò.

Àwọn ọmọ wa yìí ń sá lọ o. Wọ́n ń lọ sí Kútọnu, sí Tanzania, sí Líbíà, ibi tí ẹlòmíràn kò ti gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ìyá mi máa ń sọ fún mi bí ọjà Ẹ̀jìnrìn ti rí nígbà kan, bí ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ti máa ń bo etí ọ̀sà, tí àwọn ará Ìjẹ̀bú á ru ẹrù wá láti òkè. Nígbà tí mọ́tò gba ọ̀nà ibòmíràn, tí owó sì tẹ̀lé e, ẹrù tẹ̀lé owó. Ẹ wá wo ibi tí ọjà náà wà lónìí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ líìgì fún kò le. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi owó oṣù mẹ́ta fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù sí báńkì, ibi tí alága ẹgbẹ́ kò ní lè fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n wo iye tó ń wọlé fún un, yálà láti ilé ìjọba ni tàbí láti ẹnu ọ̀nà pápá, kí wọ́n má gbà kó ṣàdéhùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ oṣù méjì, kó má lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ títí yóò fi san án. Kí ẹ̀dà ìwé àdéhùn sì wà lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù kó tó wọ jẹ́sì. Bí wọ́n bá ti ṣe gbogbo èyí fún ọdún bíi márùn-ún, tí owó wá pọ̀ débi pé ó ń da orí àwọn ọmọ rú, kí ẹ pè mí síbi àríyànjiyàn, n ó gbọ́ tiyín.

Mo ní àbúrò mi bí ọmọ méjì. Èyí àbúrò pé ọdún 16 ní oṣù tó kọjá. Alágbàṣe kan ti rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Agbọ̀wà, ó sì ti mú ìwé wá. Ọdún márùn-ún ló wà nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ òfin FIFA sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ju ọdún mẹ́ta lọ. Mo bi ọkùnrin náà léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ti òkè òkun nìyẹn." Mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ kí n kà á tán, ó ní wọn kì í fi í sílẹ̀. Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí oríire ọmọ yìí kọjá lọ o." Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ọkùnrin náà ní òun ń padà bọ̀. Mo ti ra awò ojú tuntun, mo sì ti sọ fún ọmọ náà pé kó má fọwọ́ sí ohunkóhun kí n tó dé ibẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Bàbá Káfíńtà,
Ẹ̀jìnrìn, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́.