Etí Omi Kì í Ṣe Ilẹ̀ Ẹgbẹ́ Kan

Àwọn àgbà a máa wí pé díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń ronú lórí ìwà kan tí ó ń tàn kálẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá wa. Àwọn ọlọ́rọ̀ a kó ara wọn jọ, wọn a dá ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ sílẹ̀, wọn a wá etí omi tí gbogbo ará ìlú ń lọ gba atẹ́gùn sí, wọn a sì bẹ ìjọba pé kí ó fún àwọn ní àyè kọ́ ilé ẹgbẹ́ síbẹ̀. Wọn kì í bèèrè gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Igun kan péré ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fẹ́.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, èmi kò fara mọ́ ọn, inú àṣà wa ni n ó sì ti kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ mi yọ kí n tó dé orí òfin.

Ní ayé àwọn baba wa, ilẹ̀ oko ní ìdílé tí ó ni ín, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ilé. Àwọn ìdílé kan tilẹ̀ lè ní ẹ̀tọ́ ẹja pípa nínú odò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà odò jẹ́ ti ẹni gbogbo. Ìyàwó tí a gbé lánàá, àlejò tí ó wọ̀lú lónìí, ìwọ̀fà àti ọmọ ọba, gbogbo wọn ni ó ń gbé akèrègbè gba ibẹ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Òfin wà níbẹ̀ lóòótọ́: òkè odò ni a ti ń pọn èyí tí a ó mu, ìsàlẹ̀ ni a ti ń fọṣọ, ẹni tí ó bá sì rú omi fún ẹlòmíràn yóò gba ìbáwí lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Òfin ìtọ́jú ni èyí. A kò fi lé ẹnikẹ́ni padà sílé.

Àwa ará Ìlọrin ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ohun àjọni yé jù. Ìtàn orúkọ ìlú wa dá lórí òkúta kan tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Òjó ti ń lọ irin rẹ̀, òun ni a fi ń pe ibẹ̀ ní ìlọ irin. Bí ó bá ṣe pé Òjó yí ọgbà ká òkúta náà, tí ó ní kí ẹni tí kò san owó ẹgbẹ́ má pọ́n àdá níbẹ̀, bóyá orúkọ mìíràn ni à bá máa jẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Èkó, nítorí níbẹ̀ ni ohun tí mo ń bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Ta ni kò gbọ́ nípa Bar Beach ní Victoria Island? Níbẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń lọ wo òkun lọ́jọ́ ọdún, níbẹ̀ ni àwọn aláṣọ funfun ti ń gbàdúrà. (Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Oyènúsì adigunjalè ní 1971, tí èrò lọ wò ó bí ẹni ń lọ wo eégún. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a lè fi yangàn.) Òkun sì ń jẹ ibẹ̀. Láàárín 1908 sí 1912 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ odi òkúta sí ẹnu ọ̀sà kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé; odi yìí dá iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn dúró, òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí Victoria Island.

Ó yẹ kí a dá òkun lẹ́kun. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n kó iyanrìn dí ojú omi, wọ́n ṣètò ìlú tuntun tí yóò gba nǹkan bíi kìlómítà 10 onígun mẹ́rin, wọ́n sì fi lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Eko Atlantic ni wọ́n pè é. Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, bá wọn ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní 2013. Bar Beach sì parẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ń gbé Mushin, tí ó máa ń kó ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ní láti wá etíkun mìíràn, owó ìwọlé sì lè wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ìdí rere ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìgbafẹ́ náà kì í ṣe aláìní ìdí. Wọ́n ní àwọn yóò tún ibẹ̀ ṣe, nítorí pàǹtí ti kún un. Mo gbà pé ìjọba a máa pa irú ọgbà bẹ́ẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n bí ojúde wa bá dọ̀tí, ṣé ẹni tí ó ní ìgbálẹ̀ ni a ó tà á fún? Wọ́n tún ní àwọn ọmọ wa yóò rí iṣẹ́ ṣe. Irú iṣẹ́ wo? Ọmọ yóò máa ṣọ́ géètì níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń jókòó lọ́fẹ̀ẹ́.

Nípa ti òfin, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì sọ ọ́ kedere pé kí ó dì í mú fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Àmánà ni, bí àwọn aáfà wa ti ń pè é. Ẹni tí a fi ẹrù sí lọ́wọ́ kò lè fi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mẹ̀kúnnù kò lè borí. Ní 1989, ẹgbẹ́ KANU tí ń ṣèjọba Kẹ́ńyà fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú ọgbà Uhuru ní Nàìróbì, ọgbà tí ó ní adágún, tí àwọn tálákà ń lọ sinmi sí. Wangari Maathai kọ lẹ́tà sí ìjọba àti sí àwọn ará òkè òkun. Ó bèèrè bóyá àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò gbà kí a kọ́ irú rẹ̀ sí Hyde Park ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Wọ́n bú u nílé aṣòfin, wọ́n lé e kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀, kò dákẹ́. Àwọn olówó fà sẹ́yìn, ilé náà kò sì dìde.

Odò Asà la ìlú wa já, a sì ti sé e fún omi mímu. Kí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ya gbogbo àyè etí rẹ̀ tí ará ìlú ń lò sínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ gbogbo ènìyàn, nísinsìnyí tí kò tíì sí ẹni tí ń kó búlọ́ọ̀kù jọ síbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì mú àwòrán ilé wá, kí a kà á sétígbọ̀ọ́ ìlú, kí ẹ̀yin àgbà wà níbẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé: ọmọ ilé-ìwé tí kò ní kọ́bọ̀ lápò, ṣé yóò lè wọlé jókòó sí etí omi yìí lọ́sàn-án Sátidé?