"BORROW" ÀTI "LEND": TA NI Ó JẸ TA NÍ GBÈSÈ?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, "borrow" àti "lend". Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní kí ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, bá òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yá oníbàárà òun ní 5,000 náírà. Ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó sì fi "borrow" sí ibi tí ó yẹ kí "lend" wà. Nígbà tí owó pẹ́, tí ìwé náà dé iwájú àwọn àgbà, ohun tí àwọn kan kà níbẹ̀ ni pé ìyá yìí ni ó yáwó! Olówó di ajigbèsè lórí ìwé.

A kò dá ọmọ náà lẹ́bi púpọ̀. "Yá" kan náà ni Yorùbá ń lò: "mo yá a lówó", "mo yáwó lọ́wọ́ rẹ̀". "Lọ́wọ́" yìí ni ó ń la ìjà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń gbà ni ó ń "borrow", ẹni tí ó ń fúnni ni ó ń "lend". Nítorí náà, àṣìsọ ni "borrow me your biro" tí à ń gbọ́ ní kíláàsì lójoojúmọ́. Lárúbáwá náà yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ara gbòǹgbò kan: aqraḍa ni ti ẹni tí ó yáni lówó, iqtaraḍa ni ti ẹni tí ó gbà á.

Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló gbọ́n jù. Àwọn àgbà wa kì í yá iyọ̀, wọ́n ń wín in ni, nítorí iyọ̀ mìíràn ni a ó fi san án. Ọkọ́ ni wọ́n ń yá, nítorí ọkọ́ náà gan-an ni a ó dá padà. (Owó ni à ń wín, tí a tún ń yá.) Lárúbáwá ní qarḍ fún ti àkọ́kọ́, ó ní ʿāriya fún èkejì. "Lend" ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún méjèèjì.

Èrò wa ni pé èdè tí olówó àti ajigbèsè jọ gbọ́ ni kí á máa fi kọ ìwé gbèsè. Àyá 282 nínú Súrátùl-Bákárà, èyí tí ó gùn jù nínú Al-Kùránì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé, ẹni tí ó jẹ gbèsè ni a sì ní kí ó máa pe ọ̀rọ̀ fún akọ̀wé.

Oníbàárà náà bẹ̀rù Ọlọ́hun, ó ní òun ni òun jẹ owó. Wọ́n ní kí ọmọ náà mú bírò. Oníbàárà ń pè é, ọmọ ń kọ ọ́, ní Yorùbá.